Nígbà Tí Àbùùbùtán Bá Ti Padà: Ìrìn-Àjò sí Niue ní Àsìkò Tí Àlejò Dín

 

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí lílọ sí erékùṣù kékeré kan tó jìnnà réré nínú Òkun Pàsífíìkì. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan kún un tó mú orí mi wú: wọ́n ní kí n sọ ti àsìkò tí kò sí èrò. Ti àsìkò tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ kò ṣòro láti sọ, ìwé ìpolówó ti sọ ọ́ tán. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní irú ibẹ̀ nígbà tí ìjókòó inú bàálù bá ṣófo, tí òjò dé, tí onílé kù pẹ̀lú ara wọn, ìyẹn ni kì í sí nínú ìwé ìpolówó.

Niue ni mo yàn. Ẹ jẹ́ kí n tètè gbé ohun tí mo ní í sọ kalẹ̀. Ní Niue, ní oṣù tí àlejò pọ̀, oníbàárà ni arìnrìn-àjò: ó sanwó, wọ́n gbé e lọ wo àbùùbùtán, ó padà sílé. Ní oṣù tí àlejò dín, ó di ẹnu kan láàárín ẹnu tó lé díẹ̀ ní 1,600 tí wọ́n ń jẹ nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi kan náà, tí wọ́n ń mu omi tó wà lábẹ́ àpáta kan náà, tí gbogbo wọn sì ń ṣọ́ ojú ọ̀run bóyá ìjì ń bọ̀. Ẹni tí ìyẹn bá wù, kó lọ ní oṣù kejì ọdún. Ẹni tí kò bá wù, oṣù kẹjọ wà níbẹ̀ fún un, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Níbo tiẹ̀ ni Niue wà? Bí ẹ bá na ìka láti New Zealand sí àríwá ìlà-oòrùn, nǹkan bíi 2,400 kìlómítà, ibẹ̀ lẹ máa kàn án. Tonga wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Samoa wà lókè rẹ̀ ní àríwá, àwọn Erékùṣù Cook wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 260 kìlómítà onígun mẹ́rin. Abúlé 14 ló wà níbẹ̀, Alofi ni olú-ìlú. Láti ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1974 ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba ara wọn nínú àjọṣe pẹ̀lú New Zealand: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní ọmọ ẹgbẹ́ 20, owó New Zealand ni wọ́n ń ná, ìwé ìrìnnà New Zealand sì ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà yìí sọ́kàn, ó máa ṣiṣẹ́ láìpẹ́.

Iyùn tí àwa ń fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ọba, ìbátan rẹ̀ ló kọ́ ilẹ̀ Niue. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ló fi egungun ara wọn mọ ọ́n jọ, ilẹ̀ abẹ́ òkun sì rọra gbé e sókè fún àìmọye ọdún títí ó fi yọrí bí àpáta gíga. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń pè é ní Àpáta. Bèbè òkè tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú omi ló yí i ká. Ẹni tó bá ń retí iyanrìn funfun lọ súà tí igi àgbọn tẹ̀ lé lórí máa rin ìrìn àdánù, nítorí iyanrìn ibẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, nínú kòtò àti ihò àpáta.

Kò sí odò kankan ní Niue, kò sí ìṣàn kékeré pàápàá. Òjò tó bá rọ̀, inú àpáta oníhò ló ń gbà lọ sísàlẹ̀, níbi tí ó ti léfòó lórí omi iyọ̀ tó wọ abẹ́ erékùṣù, torí omi òjò fúyẹ́ ju omi òkun lọ. Inú agbami tó fara sin yìí ni wọ́n ti ń fi kànga ẹ̀rọ fa omi mímu. Àǹfààní mìíràn tún tẹ̀ lé e: níwọ̀n bí kò ti sí odò tó ń wọ́ ẹrẹ̀ lọ sínú òkun, omi òkun ibẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ lè rí ìsàlẹ̀ tó jìn gan-an bí ẹni ń wo inú gíláàsì. Òjò gidi máa ń da omi òkun rú níbi púpọ̀ láyé. Ní Niue, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i ṣe, kódà nínú oṣù òjò.

Ọ̀nà tó dé ibẹ̀ kò pọ̀. Láti Auckland ni bàálù ti ń gbéra, ó sì ń fò fún bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Nínú oṣù tí àlejò pọ̀, ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí àlejò bá dín, iye ìgbà tó ń wá náà lè dín. Ìlà tí ayé fi ń pín ọjọ́ wà láàárín ibi méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá gbéra ní Auckland ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa balẹ̀ sí Niue ní ọjọ́ Ajé. Ó jèrè ọjọ́ kan nìyẹn, yóò sì san án padà nígbà tó bá ń bọ̀. Àwọn kan ti ṣe ọjọ́ ìbí lẹ́ẹ̀mejì nípa rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ọjọ́ bàálù ni ọ̀sẹ̀ fi ń yí ní Niue. Ó ń gbé àlejò wá, ó ń gbé lẹ́tà wá, ó ń gbé aláìsàn tí apá ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò ká lọ sí New Zealand. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà, àti ẹni tó ní àlejò àti ẹni tí kò ní.

Àsìkò méjì ni ọdún wọn ní. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ tutù, òjò dín. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni àbùùbùtán abuké máa ń gbéra láti òkun yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ayé, wọ́n á wá sí ẹ̀bá Niue láti bímọ àti láti fún ọmọ lọ́mú. Òkun jìn lójijì ní ẹ̀gbẹ́ àpáta náà, nítorí náà wọ́n lè súnmọ́ èbúté débi pé ènìyàn ń gbọ́ mímí wọn láti orí ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ń gbé àlejò lọ lúwẹ̀ẹ́ nítòsí wọn. Nítorí èyí ni ilé ìtura fi ń kún nígbà náà. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, àwọn àbùùbùtán ti mú ọmọ wọn padà sí gúúsù, àlejò náà sì ti padà sílé.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé, òjò dé, ọ̀rọ̀ sáíkílóònù náà sì dé. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Sáíkílóònù ni ìjì ńlá tó ń yí po bí òòyì lórí òkun tó gbóná. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kì í ṣe ọdọọdún ló ń dé Niue, ó sì lè kọjá lókèèrè kó fi ìgbì nìkan kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láìfọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ wọn nípa sáíkílóònù Heta.

Oṣù kìíní ọdún 2004 ni Heta dé. Mo ti sọ pé bèbè òkè ló yí Niue ká, ìyẹn tó ogún mítà ní Alofi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ka gíga yẹn sí odi ìlú. Lọ́jọ́ náà, ìgbì òkun gun òkè, ó ré odi kọjá, ó sì wọ ìlú. Ó kó ilé ìwòsàn lọ. Ó kó ilé ìjọba àti ilé ìtajà tó wà létí òkè lọ. Ó wọ ilé àkójọ ohun àṣà Huanaki, ohun tó kó níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn, tí kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbi kankan ní erékùṣù náà, bọ́ sínú òkun láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀mí sọnù. Nígbà tí wọ́n tún ilé ìwòsàn kọ́, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́ ọ sí, jìnnà sí òkun. Ìpìlẹ̀ òkúta àwọn ilé tó lọ ṣì wà létí òkè ní Alofi. Nínú oṣù kẹjọ, àlejò máa ń dúró síbẹ̀ ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀. Nínú oṣù kejì, tí ìgbì bá ń dún lábẹ́ àpáta bíi pé ẹnìkan ń fi ejìká gbá ilẹ̀kùn, ìpìlẹ̀ yẹn máa ń ní ìtumọ̀ mìíràn lójú ẹni.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo ń sọ ọ́ nítorí ó ń dùn mí bí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò ṣe máa ń pe oṣù wọ̀nyí ní oṣù ẹ̀dínwó, bíi pé ọjà kan náà ni wọ́n ń tà, tí iye nìkan yàtọ̀. Ọjà mìíràn ni. Bí ìgbì bá ga, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún Limu. Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sójú òkun kò ní lọ. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọn pàápàá, ẹ̀rọ agbẹ́rù ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí èbúté, tó tún ń gbé wọn gòkè, nítorí kò sí ibi ìdáàbòbò tí ọkọ̀ lè sùn mọ́jú. Ẹni tó bá ní ètò tó le bí irin nínú àpò, ojú ọjọ́ máa fọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó kù fún àlejò láti ṣe pọ̀ síbẹ̀. Òkun gbóná sí i nínú oṣù wọ̀nyí, ọjọ́ tó bá sì rọlẹ̀, kò sí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ. Ejò inú omi kan wà tí wọ́n ń pè ní katuali, aláwọ̀ dúdú òun funfun, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní omi Niue. Oró rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kéré, kì í sì í wá ìjà; ó máa ń gòkè wá mí, ó á tún padà sísàlẹ̀, á fi ẹni tó ń wò ó sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Nínú ilẹ̀, igbó Huvalu wà, níbi tí igi ńlá ti gun orí àpáta ṣíṣóńṣó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀gbun Togo (kò bá àwọn ará Togo tiwa tan o, ẹ má lọ wá mọ̀lẹ́bí níbẹ̀). Ọ̀nà náà gba àárín àwọn òkúta iyùn tó mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Àkàbà ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun, iyanrìn àti igi àgbọn ló sì wà nísàlẹ̀, tí ògiri àpáta yí wọn ká. Bí òjò bá ti rọ̀, òkúta náà máa ń yọ̀. Bàtà tó le ni kí ẹ wọ̀, ẹ sì sọ fún onílé kí ẹ tó lọ.

Akàn kan wà nínú igbó náà tí wọ́n ń pè ní uga, akàn tó ń gun igi àgbọn, tó sì tóbi ju gbogbo akàn orí ilẹ̀ láyé lọ. Oúnjẹ pàtàkì ni lọ́dọ̀ wọn. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ohun tí wọ́n ń pa, nítorí náà òfin wà nípa ìwọ̀n rẹ̀, wọn kì í sì í mú abo tó ru ẹyin. Nínú oṣù ooru ni abo rẹ̀ máa ń rìn lálẹ́ láti inú igbó lọ sí etí òkun láti tú ọmọ sínú omi. Ó wù mí kí àlejò tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà dúró kó jẹ́ kó kọjá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí akàn ni mo fi ní kí ẹ lọ nígbà náà. Nítorí àwọn ènìyàn ni, ní pàtàkì nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn tó ń gbé Niue lé ní 5,000. Nígbà tí pápákọ̀ òfurufú ṣí ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ìwé ìrìnnà New Zealand ti wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ sì wà ní Auckland. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lónìí, àwọn ọmọ Niue tó wà ní New Zealand lé ní 30,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: bí ẹ bá rí ẹnì kan ní ilé, ó kéré tán ènìyàn 18 wà lẹ́yìn odi. Ẹ máa rí i lójú ọ̀nà tó yí erékùṣù ká. Ilé kan wà tí ó ní aṣọ lórí okùn, èyí tó tẹ̀ lé e ti ń jẹ́ kí igi gba ojú fèrèsé jáde. Òrùlé ti já ní òmíràn. Níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibojì wà, tí wọ́n kùn ní funfun, tí òdòdó wà lórí rẹ̀. Àlejò tí kò mọ̀ máa rò pé ìlú tó ti kú ni.

Ìlú tó ti kú kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ ẹbí máa tètè lóye rẹ̀ ju òyìnbó lọ. Ní Niue, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti magafaoa ni, ìyẹn ẹbí tó ti ìdí baba ńlá kan wá, ẹni tó sì wà ní Auckland ṣì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tà á fún àjèjì. Ilé tó wó yẹn ní olówó, olówó rẹ̀ sì lè jẹ́ ènìyàn 40 tí wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Èyí ló jẹ́ kí erékùṣù náà wà láìsí ilé ìtura oníyàrá 500 àti láìsí ògiri olówó tó dí ọ̀nà òkun. Òun náà ló ń jẹ́ kó ṣòro fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́lé láti rí ibi kọ́ ọ sí. Ìdí kan náà ló bí ire àti ìnira yẹn, n kò sì mọ ẹni tó lè fi ọgbọ́n ya wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ nípa oṣù Kérésìmesì. Ìwé máa sọ fún yín pé ọ̀wọ́n àlejò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìparí ọdún, torí ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé máa ń padà láti New Zealand: ìyá àgbà, ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ èdè Niue dáadáa, àpótí tó kún. Wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ hifi ulu, níbi tí wọ́n ti ń gé irun ọmọkùnrin tó ti dá a sí láti ìgbà ọmọdé, tí ẹbí sì ń kó owó àti ẹran jọ. Tí ọmọbìnrin bá ni, wọ́n ń lu etí rẹ̀ pẹ̀lú ayẹyẹ tirẹ̀. Bàálù kún fọ́fọ́. Bí àlejò bá jókòó sí àyè ọmọ ilé nígbà náà, ó ń gba ipò ẹni tó ní ibojì baba rẹ̀ láti tún kùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn ni oṣù kejì àti oṣù kẹta ń wọlé. Àwọn nìkan ni oṣù tí mo ń sọ.

Kí wá ni wọ́n ń rò nípa àlejò? Ọgbọ́n àti ìrírí ló wà nínú ìdáhùn wọn. Nígbà tí James Cook dé ibẹ̀ ní ọdún 1774, ó gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lé e. Ó fi ìbínú pe ilẹ̀ wọn ní Erékùṣù Àwọn Òǹrorò, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ wọn lórí àwòrán ayé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Peniamina, ọmọ Niue tó ti gba ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Samoa, padà dé ní ọdún 1846 láti wàásù, kò rọrùn fún òun pàápàá láti wọlé: wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè gbé àrùn wá láti òkèèrè. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1860 sí 1870, ọkọ̀ àwọn akónilẹ́rú láti Peru dé, wọ́n kó ènìyàn lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà mọ́. Ní ọdún 1915, ọkùnrin bíi 150 yọ̀ǹda láti bá New Zealand jagun. Wọ́n dé Íjíbítì àti Faransé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tíì wọ bàtà rí, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn ilẹ̀ òtútù sì dá wọn dùbúlẹ̀ kí ìbọn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Ní ìlú tí ènìyàn kò pọ̀, 150 ọkùnrin kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nítorí náà, nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn kò ṣí i fún àlejò afẹ́ títí di oṣù kẹfà ọdún 2022. Owó ìrìn-àjò afẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá. Wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgboro tó dàrú. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí tí wọ́n ṣe dáadáa sí, kó má rò pé nítorí owó rẹ̀ ni. Wọ́n ti dán ayé wò láìsí owó rẹ̀.

Wọ́n sì ń ṣe dáadáa. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ á gbé ọwọ́ kí yín, ẹ̀yin náà á gbé e. Bí ẹ kò bá kí, wọ́n á mọ̀ pé àlejò tuntun ni yín, tí ẹ kò sì tíì kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú yàtọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ pẹja, ọkọ̀ àlejò kò sì ń lọ sójú òkun. Gbogbo ilé ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ funfun àti fìlà oníkoríko tí àwọn obìnrin hun, orin ibẹ̀ sì lágbára débi tí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò ní mọ̀ pé òun kò gbọ́ ọ. Nínú oṣù kẹjọ, àlejò máa ń kún ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú oṣù kejì, ẹ lè jẹ́ àlejò kan ṣoṣo, pásítọ̀ sì lè dá yín dúró kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ẹ múra ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán á tẹ̀ lé e: takihi, ìyẹn kókò àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò lérí ara wọn pẹ̀lú omi wàrà àgbọn, tí wọ́n sì fi ewé wé sun nínú ilẹ̀ pẹ̀lú òkúta gbígbóná. Kókò ni ọ̀gá oúnjẹ wọn. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn tó wà ní New Zealand.

Ohun tó kù láti jẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọkọ̀ ńlá náà kò lè dé èbúté. Ó ń dúró lójú òkun, wọ́n á sì fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ gbé kọ̀ńténà wá sí etí. Bí ìgbì bá le, ó ń dúró. Bí ó bá le jù, ó lè kọjá lọ. Nígbà náà ni ẹyin máa ń tán ní ilé ìtajà, lẹ́yìn rẹ̀ àlùbọ́sà, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí olúkúlùkù fẹ́ràn. Níbí ni ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ti ń fìdí múlẹ̀. Àlejò tó bá dé ní oṣù kẹta, tí ọkọ̀ sì pẹ́, tó wọ ilé ìtajà lọ kó ohun tó kù lórí pẹpẹ nítorí ó lówó lọ́wọ́, ó ti hùwà tí wọn kò ní gbàgbé, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé ìrẹsì àti ẹran inú agolo díẹ̀ wá nínú àpótí rẹ̀, tó jẹ kókò tí onílé fún un, tó sì tún bi wọ́n pé kí ni òun lè bá wọn rà ní Auckland nígbà mìíràn, ó ti mọ ibi tó wà.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n wá ọ̀nà láti fi àlejò kún oṣù wọ̀nyí, kí bàálù lè máa wá déédéé. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: bàálù tó ṣófo gbówó lórí, aláìsàn sì nílò rẹ̀ nínú oṣù kẹta gẹ́gẹ́ bó ṣe nílò rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kíkún ni ojútùú. Àwọn fúnra wọn ti fi hàn pé wọ́n mọ bí a ti ń fi nǹkan sílẹ̀ kó sinmi. Láti ìgbà àtijọ́ ni abúlé ti ń fi fono lélẹ̀ lórí apá kan etí òkun, tí ẹnikẹ́ni kò ní pẹja níbẹ̀ títí ẹja á fi padà pọ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n mú ìwà yẹn dé ojú agbami: wọ́n ya ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi òkun wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ apẹja. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí gbogbo rẹ̀ pátá gba oyè ibi tí òkùnkùn òru ti wà ní ìdáàbòbò, lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ iná ojú títì wọn kí ìràwọ̀ lè máa hàn. (Nínú oṣù òjò, ìkùukùu máa ń bò wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín, oṣù òtútù ni ti ìràwọ̀.) Ẹni tó ń fi òkun sinmi, tó ń fi òru sinmi, kí ló dé tí a ó ní kó má fi ara rẹ̀ sinmi fún oṣù díẹ̀ lọ́dún? Àlejò bíi mélòó kan tó mọ̀wà hù ti tó.

Ẹnìkan máa béèrè nígbà ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí n tètè dá a lóhùn: báwo ni ọmọ Nàìjíríà ṣe ń débẹ̀? Niue fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n ń fún àlejò ní 30 ọjọ́ nígbà tó bá balẹ̀, bí ó bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà, ibùgbé, àti owó tó máa ná. Ọ̀nà ló ní wàhálà, torí Auckland ni a ń gbà. Ọmọ wa tó ń gbé London, tó sì ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó, máa fi fóònù gba ìyọ̀ǹda New Zealand, ó parí. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní láti gba físà New Zealand, kódà bó ṣe ẹsẹ̀ kan péré ló fẹ́ tẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọ bàálù mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ẹ béèrè fún èyí tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹ ó tún padà gba Auckland kọjá, ẹ ó sì rí i pé físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti tán nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ gùn ju ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí ìjì bá dá bàálù dúró ní oṣù kejì, ẹ lè tún fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dúró de òmíràn.